Ọjọ́ Tí Ràísì Dádírì Kẹ̀yìn Sí Òkú

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó lè bá erùpẹ̀ jà kó sì jàre, ẹ máa bọ̀ ní Kífítì, abúlé wa, kí ẹ béèrè Ràísì Dádírì. Ọmọdé á mú yín délé. Ràísì ni à ń pe olórí àwa tí à ń wa ilẹ̀ láti wá ilé àti sàréè àwọn ará àtijọ́, iṣẹ́ ìdílé Dádírì sì ni. Baba rẹ̀ ṣe é, baba baba rẹ̀ ṣe é. Wọ́n ní baba àgbà yẹn tún burú ju òun lọ. Èmi ò gbà, nítorí mi ò mọ ibi tí ọmọ èèyàn tún lè burú dé lẹ́yìn Dádírì.

Ọkùnrin gíga ni, ó gbẹ bí igi ìdáná, láwàní rẹ̀ funfun báláú, kò sì sí ọjọ́ tí ẹ máa bá a tí inú rẹ̀ dùn kó tó mu tíì àárọ̀. Fèrè wà lọ́rùn rẹ̀, ọ̀pá imọ̀ ọ̀pẹ dàbínù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Á máa bá afẹ́fẹ́ jà, pé ta ló ní kó fẹ́ nígbà tí òun ń gbálẹ̀. Á máa bá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jà, pé ó ń wo òun níwòkuwò. Á lé òṣìṣẹ́ láàárọ̀, pé òun ò fẹ́ rí ojú ẹ̀ mọ́ títí ayé. Tó bá di ọ̀sán, á tún máa pariwo pé alákọrí yẹn dà, ṣé ó rò pé ilé baba òun ni ibi iṣẹ́ ni. Àwa tí a ti mọ̀ ọ́n, bó bá lé wa, abẹ́ igi la máa ń lọ, a ó rọra se tíì, a ó máa retí kó pè wá padà.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Amọ̀ ni àwọn ará àtijọ́ fi kọ́lé, amọ̀ náà ló wó bo ilé ọ̀hún mọ́lẹ̀, amọ̀ nínú amọ̀. Ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Dádírì á kúnlẹ̀, á fi irin pẹlẹbẹ ọwọ́ rẹ̀ ha ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á ní, "Ògiri rèé." Ògiri náà ni. Nígbà tó fi Ráwíyà, ọmọ rẹ̀ obìnrin, fún Àsábù, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwa tí à ń ru agbọ̀n erùpẹ̀, tí kì í sì lanu bí ọ̀rọ̀ kò bá pọn dandan, Dádírì ní, "Látọjọ́ tí mo ti ń wá ògiri kiri abẹ́ ilẹ̀, mi ò mọ̀ pé èyí tó tóbi jù ni màá fi ọmọ mi fún." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àsábù náà rẹ́rìn-ín, ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ohun tí Dádírì kórìíra jù láyé, lẹ́yìn afẹ́fẹ́, ni àwọn obìnrin tó ń wá fo òkú. Ẹ mọ bó ṣe ń rí. Obìnrin tí ilé ọmọ rẹ̀ bá dì, tó ti lo gbogbo egbòogi, tó ti gba gbogbo àdúrà, àwọn ìyá àgbà á ní ó ku ẹyọ kan: kó lọ fo egungun ará àtijọ́ lẹ́ẹ̀meje, kí ẹ̀rù sì bà á dáadáa, nítorí ìjáyà yẹn gan-an ló ń tú ohun tó dì. Torí náà, bí a bá ti kan òkú kan lábẹ́ ilẹ̀, kí oòrùn tó kan àtàrí, ìròyìn ti dé gbogbo ilé ìdáná. Wọ́n á gbé aṣọ dúdú wọ̀, wọ́n á wá máa rìn gbéregbère létí kòtò, wọ́n á ní àwọn ń wá ewúrẹ́ tó sọnù.

Dádírì á yọ sí wọn tọ̀pá tọ̀pá. "Ẹ padà sẹ́yìn. Òkú tí kò lè lé eṣinṣin kúrò lára ara ẹ̀, ṣé òun ló máa fún yín lọ́mọ?"

Kì í ṣe pé ó kàn burú lásán. Nígbà kan, obìnrin kan fo ìfòkufò, ó já lu agbárí òkú, agbárí fọ́ wẹ́wẹ́. Dókítà Úlúfà, obìnrin ará Kàírò tó ń yẹ egungun wò fún wa, sunkún lọ́jọ́ náà bí ẹni pé ẹbí rẹ̀ ni. Látìgbà yẹn, bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, á pe Dádírì, á ní, "Ràísì, o ò rí obìnrin kankan nínú kòtò lónìí?" Dádírì á ní, "Wàláhì, mi ò rí ẹnì kan." Òótọ́ ló sì máa ń sọ. Ó lè bú gbogbo ayé láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ búra èké.

Ọdún tí iná mànàmáná dé abúlé wa ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ráwíyà ti pẹ́ díẹ̀ nílé ọkọ, kò sì tíì bí. Ìyá Àsábù ni Àlájà Tafídà. Kò tíì rí Mẹ́kà rí àfi lára àwòrán tó fi há ògiri, ṣùgbọ́n ẹ dán an wò kí ẹ má pè é ní Àlájà. Ó ní òun ti dúró tó. Ó ní bó bá di Ọjọ́bọ̀, òun ń lọ sí ìlú Díṣínà lọ tọrọ ọmọ kan báyìí tí ìyá rẹ̀ bí mẹ́sàn-án, kó wá ṣe ìyàwó kejì fún Àsábù. Ó ti fọ ìborùn tó máa fi lọ, ó sá a sórí òrùlé níbi tí gbogbo abúlé á ti rí i. Ẹni tó bá sì ti mọ bí ìyàwó kejì ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa mọ̀ pé ọjọ́ tí èkejì bá bí, ọjọ́ náà ni àkọ́kọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù rẹ̀.

Ìyá Hílálì, ìyàwó Dádírì, gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ nídìí oúnjẹ.

"Bàbá Hílálì, ẹ ti gbọ́?"

"Mo ti gbọ́."

"Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Kí ni kí n ṣe? Ṣé èmi ni kí n bá wọn bí i ni?"

"Wọ́n ní ẹ ti rí obìnrin kan nínú ilẹ̀. Wọ́n ní irun ṣì wà lórí ẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ṣì wà nínú irun."

Dádírì ju búrẹ́dì sílẹ̀. "Ta ló sọ fún ẹ? Àárọ̀ yìí la ṣí i. Èmi gan-an ò tíì rí ìlẹ̀kẹ̀ náà tán."

"Kí Ráwíyà lọ fò ó."

"Láéláé. Èmi tí mo ti ń lé ìyàwó ẹlòmíì látọjọ́ tí irun mi ti dúdú? Wọ́n á ní ọ̀pá mi mọ ọmọ ẹni yàtọ̀ sí ọmọ ẹlòmíì."

"Kó mọ̀ ọ́n. Ọ̀pá wo ni kì í mọ̀ ọ́n?"

"Mo ní láéláé."

Ìyá Hílálì ò bá a jà. Ó kó abọ́, ó wọlé. Láti ọjọ́ kejì ni tíì Dádírì ti ń wá láìsí ṣúgà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ará ilẹ̀ wa, ẹ mọ̀ pé ó sàn kí ẹ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin ju kí ẹ gba ṣúgà kúrò nínú tíì rẹ̀ lọ. Bó bá béèrè, obìnrin náà á ní ṣúgà tán. Ìrèké ló yí ilé wọn ká láti ẹnu ọ̀nà títí dé etí odò. Ó fara dà á, ó ń bú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kì í ṣe tíì ló ṣẹ́gun rẹ̀ ṣá. Ráwíyà ni. Ó gbé oúnjẹ ọkọ rẹ̀ wá síbi iṣẹ́, ó sì dúró títí ó fi ku òun àti baba rẹ̀.

"Bàbá, mo mọ̀ pé ẹ ò gbà á gbọ́. Èmi náà, mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́."

"Ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́hun. Kí ìyá ẹ wá fi ṣúgà sí tíì mi."

"Àlájà ló gbà á gbọ́. Bó bá gbọ́ pé mo ti fò ó, á ní kí àwọn dúró wo ohun tó máa tẹ̀yìn ẹ̀ yọ. Á sún Díṣínà síwájú di ọdún mìíì." Ó ń fi etí ìborùn rẹ̀ wé ìka. "Ọdún kan sí i tó máa jẹ́ èmi àti Àsábù nìkan. Ìyẹn nìkan ni mò ń tọrọ, Bàbá."

"Àsábù ńkọ́? Kí lòun sọ?"

"Ó sọ fún ìyá ẹ̀ pé òun ò fẹ́ ìyàwó kejì. Àlájà ní ọkùnrin kì í mọ ohun tó fẹ́."

Dádírì wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ti rù. Ó fẹ́ràn ọmọ yìí ju bó ṣe ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ lọ, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ ọ́ lára dé egungun. Ó kọjú sí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó wà nítòsí, ó bú u dáadáa, ó wá ní, "Lọ́la, nígbà tí àwọn èèyàn bá lọ jẹun ọ̀sán. Ìwọ àti ìyá ẹ nìkan. Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan."

Nílé, ó ṣe àlàyé ètò rẹ̀ bí ọ̀gágun. Sàréè méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Obìnrin onílẹ̀kẹ̀ náà wà nínú ọ̀kan, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ká orúnkún rẹ̀ bí ẹni tí òtútù ń mú, a sì ti fi aṣọ funfun bò ó nítorí oòrùn. Èkejì ṣófo. Àwọn olè ti kó ohun inú rẹ̀ lọ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dé ayé. Bí fèrè ọ̀sán bá dún, àwa òṣìṣẹ́ á lọ sábẹ́ igi létí omi, Dókítà á lọ jẹun nílé àwọn oníwádìí.

"Èmi á wà níbẹ̀," Dádírì wí, "ṣùgbọ́n mi ò ní wò yín. Màá kẹ̀yìn sí yín. Tí Dókítà bá bi mí nírọ̀lẹ́, màá búra pé mi ò rí ẹnì kan, òótọ́ ni mo máa sọ."

"Ọlọ́hun ò ní rí yín?" Ìyá Hílálì bi í.

"Ọlọ́hun á rí i pé mo kẹ̀yìn."

Obìnrin náà fi ṣúgà sí tíì rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó pọ̀ débi pé ṣíbí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró.

Àṣírí tó wà láàárín èèyàn mẹ́ta, ẹ mọ bó ṣe ń ṣe. Ìyá Hílálì ò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi àbúrò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi ẹni tó yá ajọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí oòrùn máa kan àtàrí lọ́jọ́ kejì, ewúrẹ́ tó sọnù lábúlé wa ti pọ̀ ju ewúrẹ́ tí abúlé ní lọ. Gbogbo àwọn tó ń wá wọn ti lúgọ sẹ́yìn òkìtì erùpẹ̀ ńlá tí àwa fúnra wa fi agbọ̀n kó jọ.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Dádírì ò mọ̀. Lọ́jọ́ náà, orí ń fọ́ Dókítà Úlúfà. Kò lọ jẹun. Ó wo sàréè tó ṣófo, ó rí i pé ó jìn, ó tutù, ó ní ibòòji. Ẹni tó ti ń bá òkú ṣiṣẹ́ látọdúnmọ́dún, kí ló fẹ́ bà á lẹ́rù nínú sàréè? Ó sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀, ó fi aṣọ funfun bo ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ nítorí eṣinṣin, ó sùn lọ fọnfọn.

Dádírì dé, ó dúró, ó kẹ̀yìn sí sàréè méjèèjì, ó gbọ́wọ́ lé ọ̀pá rẹ̀, ó tẹjú mọ́ oko ìrèké bí ẹni tí wọ́n ní kó máa ka igi rẹ̀. Ráwíyà àti ìyá rẹ̀ yọ́ wọlé lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kọjú sí sàréè. Aṣọ funfun méjì ni wọ́n rí.

"Èwo ni nínú méjèèjì, Bàbá?"

"Ti ọwọ́ òsì," Dádírì wí láìyíjú.

Òsì ta? Ẹni tó kọjú sí ibì kan àti ẹni tó kẹ̀yìn sí i, ṣé òsì kan náà ni wọ́n ní? Òsì tirẹ̀ ni Dádírì ń sọ. Òsì tiwọn ni wọ́n gbọ́. Ọkùnrin tó lè mọ amọ̀ yàtọ̀ sí amọ̀, ó wá sọ òsì àti ọ̀tún nù nítorí pé ó fẹ́ fi ọgbọ́n búra.

Ráwíyà káṣọ sókè, ó ní bísímílà, ó fo sàréè náà láti etí kan sí èkejì. Ìyá rẹ̀ ń kà á lábẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀kan. Erùpẹ̀ díẹ̀ já sílẹ̀ lórí aṣọ funfun. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ó tún já. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tó fo ìkẹrin, ògúlùtu ńlá kan ya lára etí sàréè, ó dà sílẹ̀ gbàràgbàrà, ẹnì kan sì sín.

"Kí Ọlọ́hun ṣàánú rẹ," Dádírì wí, nítorí bí a ti kọ́ gbogbo wa láti kékeré nìyẹn. Ó wá rò ó. "Ta ló sín?"

"Kì í ṣe èmi," Ìyá Hílálì wí.

"Ráwíyà?"

"Kì í ṣe èmi, Bàbá."

Aṣọ funfun dìde jókòó nínú sàréè, ó ní, "Kí Ọlọ́hun tọ́ ẹ sọ́nà, Ràísì."

Igbe tí Ráwíyà ké, àwa tí a wà létí omi gbọ́ ọ, ife tíì já lọ́wọ́ mi. Ìyá Hílálì jókòó sílẹ̀ láìwo ibi tó jókòó sí. Ẹ̀yìn òkìtì erùpẹ̀ tú, àwọn obìnrin fọ́n ká bí ẹyẹ inú oko bàbà, àwọn míì bọ́ bàtà sílẹ̀, ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń fà lọ́wọ́ bọ̀ láàárọ̀ ló ṣáájú gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n rí i pé òkú náà ń fi ọwọ́ gbọn irun rẹ̀, tó sì ń wá awò ojú rẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa náà ti sáré dé.

Dókítà Úlúfà gòkè láti inú sàréè, ó funfun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó wo Ráwíyà. Ó wo Ìyá Hílálì nílẹ̀. Ó wá wo ẹ̀yìn Dádírì, nítorí Dádírì ò tíì yíjú síbẹ̀.

"Ràísì, o ò rí obìnrin kankan nínú kòtò lónìí?"

"Wàláhì, Dókítà, mi ò rí ẹnì kan."

Ẹ̀rín pa wá. Dókítà pàápàá gbìyànjú láti bínú, kò lè ṣe é, ó tún sín. Àwọn obìnrin ti yí Ráwíyà ká, wọ́n ń fún un lómi, wọ́n ń fi ọwọ́ lù ú lẹ́yìn jẹ́jẹ́. Ọ̀kan ní, "Ṣé ìjáyà lẹ ń wá? Ìjáyà tó tó báyìí, ìbejì ni." Òmíràn ní kò lè dín sí ìbẹta.

"Ìjáyà wo?"

Àlájà Tafídà nìyẹn. Òun náà ti wà lẹ́yìn òkìtì láti àárọ̀, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú ìborùn tó fọ̀ fún Díṣínà lọ́rùn. "Èwo lẹ rí tó fò? Òkú ni wọ́n ń fò, alààyè ló fò. Dókítà tó ń sun oorun ọ̀sán ló fò. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ń ka egungun, tí kò rójú lọ́kọ, kí ló fẹ́ tú fún ẹlòmíì?"

"Mo lọ́kọ, Àlájà," Dókítà wí.

"Ọmọ ńkọ́?"

"Mẹ́ta."

Àwọn obìnrin wo ara wọn. Mo rí méjì nínú wọn tí wọ́n fi ojú wọn ìbú Dókítà bí ẹni tó fẹ́ fò ó. Àlájà Tafídà ní, "Ọmọ Kàírò," bí ẹni pé ìyẹn kì í ṣe ọmọ. Ó wá gbóhùn sókè kí gbogbo wa lè gbọ́. "Gbogbo ayé ti rí i báyìí. Òkú gan-an kọ̀ ọ́. Ó débẹ̀, òkú ní kó yà sílé kejì. Lọ́jọ́bọ̀ mò ń lọ sí Díṣínà. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ, kó múra. Ọmọ mi ò ní kú láìlọ́mọ nítorí ilẹ̀ tí kò hu nǹkan."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu wa. Ráwíyà dúró síbẹ̀, ìborùn rẹ̀ ti yọ, erùpẹ̀ wà lójú rẹ̀, omi ojú sì ń la ọ̀nà kọjá nínú erùpẹ̀ náà. Ìgbà yìí ni Dádírì tó yíjú. Ó la ẹnu. Gbogbo wa dúró de èébú, a ti múra rẹ̀ sílẹ̀ fún Àlájà, a tiẹ̀ ń fẹ́ ẹ. Èébú kankan ò jáde. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ bó bá ń bá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sọ̀rọ̀ wo ọmọ rẹ̀, ó sì pa ẹnu náà dé. Ó dùn mí, ẹ má fi ṣeré. Mi ò mọ̀ pé mo lè káàánú Dádírì láyé mi.

Àsábù sọ agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀.

"Ràísì," ó wí, "èwo gan-an ni òkú?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ìyá mi ní a ò bímọ. Èmi àti Ráwíyà ni. Ráwíyà ti fo tirẹ̀. Ó ku tèmi."

Ẹnì kan láàárín wa rẹ́rìn-ín, ó rí ojú Àsábù, ó gbé ẹ̀rín náà mì. Bàbá arúgbó kan tó ń gbá erùpẹ̀ ní, "Àsábù, ọkùnrin kì í fò ó."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Bàbá náà rò ó. "Mi ò mọ ẹni tó sọ ọ́."

Àsábù ká jalabíà rẹ̀ sókè, ó fi eyín mú etí aṣọ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bọ́ síta lójú gbogbo wa. Àlájà Tafídà kígbe lóhùn tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. "Àsábù, sọ aṣọ ẹ sílẹ̀. Wọ́n á ní ìwọ ni. Títí dé Díṣínà, wọ́n á ní ìwọ ló ń dí i lọ́wọ́."

Àsábù yọ aṣọ lẹ́nu kó lè fèsì. "Kí wọ́n wí bẹ́ẹ̀, Ìyá mi. Bóyá òótọ́ ni. Ta ló mọ̀?"

Gbogbo wa ló yé lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá wo ní Díṣínà ló máa fi ọmọ rẹ̀ fún ọkùnrin tó dúró lójú ọjà ayé, tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ irú èyí? Ọ̀nà Díṣínà ti dí, ẹni tó dí i ni ẹni tí a rò pé kò mọ̀rọ̀ sọ. Dádírì wo Dókítà Úlúfà. Ojú tó fi wò ó, èmi ò mọ̀ pé ọkùnrin náà mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀.

Dókítà tú aṣọ funfun kúrò lórí obìnrin onílẹ̀kẹ̀ náà. "Kó má fọwọ́ kàn án," ó wí, "kó má sì tẹ okùn tí mo fi wọn ilẹ̀."

Àsábù fò. Dádírì ló kà á, sókè ketekete, bí ìgbà tó ń ka agbọ̀n wa: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì. Ojú ti Àsábù, etí rẹ̀ ń jó, ṣùgbọ́n ó ń fò. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Dádírì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. Ó ní erùpẹ̀ ló kó sí òun lójú. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹfà," bàbá arúgbó tó ń gbálẹ̀ ní rárá, ìkeje nìyẹn. A bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Àwọn kan ní mẹ́fà, àwọn kan ní méje, àwọn obìnrin ní ọkùnrin ò mọ nǹkan kan kà.

"Kò burú," Àsábù wí, "bó bá ti pé, èyí tó kù yìí, tìẹ ni, Ìyá mi. Mò ń fò ó kí ọkàn ẹ lè tú wa sílẹ̀." Ó fò ó.

Ìyá Hílálì ló kọ́kọ́ gbé ahọ́n sókè tó ń ké lululu, bí a ṣe ń ké e níbi ìgbéyàwó, àwọn obìnrin tó kù gbà á lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi la oko ìrèké já. Ráwíyà ti fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì, mi ò lè sọ bóyá ẹkún ni àbí ẹ̀rín.

Àlájà Tafídà ò ké. Ó ti jókòó sórí ìyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú ìborùn Díṣínà rẹ̀, ó ń wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé òní ló bí i. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ariwo lọ sílẹ̀, ó gbìyànjú láti dìde, orúnkún rẹ̀ kọ̀ fún un. Àwa mẹ́rin la na ọwọ́ sí i, Àsábù náà na tirẹ̀. Ó wò wá, kò mú ọwọ́ kankan.

"Ráwíyà," ó wí, "gbé mi dìde."

Ráwíyà nu ọwọ́ erùpẹ̀ rẹ̀ sára aṣọ, ó lọ síbẹ̀, ó sì gbé e dìde.